Cruise control tí mo ní kí wọ́n dè mọ́ Yamaha FJR1300 mi

"Kọ̀ǹpútà inú ẹ̀ ló ti kú. Lọ ra òmíràn." Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù tó bá mi de cruise control, ẹ̀rọ tó ń di eré mú fúnra rẹ̀, mọ́ alùpùpù mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Kò tilẹ̀ gbójú sókè wò mí, owó iṣẹ́ sì ti wà lápò rẹ̀. Ẹ̀rọ tuntun ni o! Ojú mi ni wọ́n ṣe já páálí rẹ̀, owó rẹ̀ sì lé ní £500. Iná ara bọ́tìnnì rẹ̀ ń tàn, àmọ́ tí mo bá wà lórí eré tí mo tẹ̀ ẹ́ pé kó di eré náà mú, kò ní dá mi lóhùn. Mo bi ọ̀gá yìí pé kí ló pa á. Kò mọ̀. Mo ní ṣé ó yẹ àwọn wáyà rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun ti ń tún alùpùpù ṣe kí n tó mọ̀ ọ́n gùn. Inú bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ká ní ó sọ pé òun ò mọ ohun tó ṣe é ni, n ò ní bínú. Èwo wá ni pé kí n tún lọ ná £500 nítorí ohun tí kò yẹ̀ wò?

Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe ní Leeds, Manchester sì ni ilé mi. Tí mo bá ń bọ̀ lórí mótòwéè M62 láàárọ̀, ọwọ́ ọ̀tún tí mo fi di throttle mú (ibi téèyàn ń yí kí alùpùpù lè sáré) á kú, n kì í mọ ìka mi mọ́. FJR ti 2008 ni mò ń gùn, wáyà ló ń fa throttle rẹ̀. Ọdún 2013 ni Yamaha yí throttle rẹ̀ sí ti iná mànàmáná, ìgbà yẹn ni wọ́n sì ń fi cruise control sí i láti ilé iṣẹ́. Àwa tí tiwa ti pẹ́, a ó wá tiwa fúnra wa. Mo kọ́kọ́ lo throttle lock, irin kékeré tó kàn ń há throttle síbi tó wà. Irin yẹn ò mọ eré. Tí mo bá ń gòkè lọ sí Windy Hill, tó ga ní mítà 372, tí kò sí mótòwéè tó ga tó o ní gbogbo England, eré á máa já wálẹ̀. Tí mo bá wá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọ̀nà Rochdale, á fẹ́ ré kọjá máìlì 70 tí òfin fàyè gbà. Cruise control gidi ń ka eré fúnra rẹ̀, ó sì ní mọ́tọ̀ kékeré tó ń fa wáyà throttle, tó tún ń dẹ̀ ẹ́, bó ṣe yẹ. Téèyàn bá ti fọwọ́ kan bíréèkì tàbí kílọ́ọ̀ṣì, á tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo pe ìyàwó mi lórí fóònù, mò ń fi Yorùbá sọ gbogbo ohun tó wà nínú mi. Bí ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣe jáde tọ̀ mí wá nìyẹn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú. Gílóòbù bíréèkì ẹ̀yìn yín, ṣé èyí tó bá a wá ni, àbí LED?"

LED ni. Ẹni tó ta alùpùpù náà fún mi ló ti pààrọ̀ rẹ̀.

"Òun nìyẹn. Mo sọ fún ọ̀gá láàárọ̀, wọ́n ní kí n lọ gbálẹ̀."

Ó tẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn alùpùpù, ó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Okùn irin tín-ín-rín kan wà nínú gílóòbù àtijọ́, ibẹ̀ ni cruise control ń gbà kan ara irin ọkọ̀, ohun tó fi ń mọ̀ nìyẹn pé wáyà bíréèkì ò já, pé èèyàn ò sì tẹ bíréèkì. LED kì í fún un ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Lójú ẹ̀rọ náà, ńṣe ló dà bíi pé mo di bíréèkì mú ní gbogbo ìgbà, ó sì kọ̀. Ẹ̀rọ ò kú rárá, ó ń dáàbò bò mí ni! Ó yọ gílóòbù àtijọ́ kan lára alùpùpù tó ti bàjẹ́, ó fi sí tèmi, ó ní kí n lọ dán an wò.

Mo dé máìlì 60, mo tẹ bọ́tìnnì. Ó dì í mú! Mo dẹ ọwọ́ ọ̀tún, mo na ìka márààrún, alùpùpù ń lọ ní tirẹ̀ geerege. Mo kígbe nínú akoto. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè dé, mo gbọ́ bí ẹ́ńjìnì ṣe fa ara rẹ̀ sókè, eré ò dín. Inú mi ò dùn bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tí mo ti ní alùpùpù yìí.

Mo padà dé, ọmọ náà so relay kan, swíìṣì kékeré tí iná mànàmáná ń ṣí tó sì ń pa, mọ́ ọn kí n lè lo LED mi lọ. Ẹ tún gbọ́: ọ̀gá yẹn kọ owó iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ fún mi! Mo ní láéláé. A fà á títí ó fi fa ìwé náà ya. Mo fẹ́ fún ọmọkùnrin náà ní nǹkan, kò gbà. "Ẹ ṣáà gbàdúrà fún mi, ẹ̀gbọ́n." Mò ń gbà á.

Láti ìgbà yẹn, ọwọ́ mi ti bọ̀ sípò. Tí mo bá gbé ìyàwó mi sẹ́yìn, akoto wa kì í gbá ara wọn mọ́, torí throttle kì í já mọ́ mi lọ́wọ́. Ralph Teetor, ará Amẹ́ríkà tó gba ìwé àṣẹ lórí irú ẹ̀rọ yìí ní 1950, afọ́jú ni. Bí lọ́yà rẹ̀ ṣe ń tẹ iná tó tún ń dẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá ń wakọ̀ ló sú u tó fi ronú kàn án. Ó yé mi dáadáa.

Bọ́tìnnì rẹ̀ kéré jù fún ìbọ̀wọ́ òtútù. N kì í lò ó nínú òjò tàbí nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kí ẹnikẹ́ni má sì dán an wò. Ọ̀rọ̀ LED yẹn sì wà nínú ìwé ìlò rẹ̀ lóòótọ́, ojú ìwé tó gbẹ̀yìn ni wọ́n kọ ọ́ sí, lẹ́tà rẹ̀ kò tóbi ju ẹyin kòkòrò lọ. Èmi ò ní yọ ọ́ kúrò lára alùpùpù yìí títí tí yóò fi kúrò lọ́wọ́ mi.

Ìràwọ̀: mẹ́ta nínú márùn-ún.