Marathon des Sables fún ikọ̀ tó ń sáré nítorí àánú: ohun tí owó yín rà àti ohun tí kò rà

Bí ẹ bá tó ẹni mẹ́ta sókè, tí ẹ sì fẹ́ sáré la aṣálẹ̀ kọjá kí ẹ lè rí owó kó jọ fún àjọ aláàánú, Marathon des Sables ti ilẹ̀ Mòrókò ṣì ni eré tí a máa kọ́kọ́ tọ́ka sí. Patrick Bauer, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló dá a sílẹ̀ ní 1986, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti fẹsẹ̀ rin 350 kìlómítà nínú Sàhárà ilẹ̀ Àlgéríà ní 1984, tòun ti ẹrù rẹ̀ lẹ́yìn. Eléré 23 péré ló bá a sá ti ọdún àkọ́kọ́. Lónìí, nǹkan bí 250 kìlómítà ni ọ̀nà náà, wọ́n pín in sí ìpele tí wọ́n ń sá tẹ̀léra fún bí ọ̀sẹ̀ kan, olúkúlùkù ló sì ń ru oúnjẹ àti ibùsùn ara rẹ̀. Ohun tó yẹ kí ikọ̀ mọ̀ kó tó sanwó ni ibi tí iṣẹ́ àwọn olùṣètò parí sí, àti ibi tí iṣẹ́ tiyín ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ikọ̀ ti ń túká.

Owó ìforúkọsílẹ̀ ju 3,000 yúrò lọ fún ẹnì kan. Ó kó omi, àgọ́, àwọn dókítà, àmì ojú ọ̀nà àti ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí eléré wà pọ̀. Iṣẹ́ àwọn oníṣègùn, tí wọ́n ń pè ní Doc Trotters, dára gan-an. Wọ́n mọ ẹsẹ̀ tó bó, wọ́n mọ ara tí ooru ti mú, wọn kì í sì í bẹ̀rù láti dá ènìyàn dúró. Ẹ má retí ìgbádùn nínú àgọ́. Aṣọ dúdú tí wọ́n fi igi gbé ró ni, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì wà lórí òkúta, bí ẹni mẹ́jọ ló sì ń sùn sínú ọ̀kan. Ẹ ṣa òkúta kúrò lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí afẹ́fẹ́ bá dìde, ẹ fa ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ ti ń wá wálẹ̀, kí ẹ sì gbé òkúta lé e, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iyanrìn ni ẹ ó jẹ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ rí i pé gbogbo ikọ̀ wà nínú àgọ́ kan náà láti ọjọ́ tí ẹ bá dé, nítorí àwọn tí ẹ bá jọ sùn ni ẹ ó máa bá jí títí eré á fi parí.

Omi ni wọ́n ṣètò dáadáa jù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwọ̀n ni wọ́n fi ń pín in, nǹkan bí lítà 10 sí 12 fún ẹnì kan lójúmọ́. Ẹ ó gba apá kan ní àwọn ibùdó àyẹ̀wò lójú ọ̀nà, ẹ ó sì gba ìyókù ní ibùdó alẹ́. Omi yìí náà lẹ ó mu, òun lẹ ó fi se oúnjẹ, òun lẹ ó fi nu ẹsẹ̀. Iyọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú kékeré wò. Ẹni tó ń làágùn tó sì ń mu omi lásán, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀: ìka ọwọ́ á wú, orí á máa fọ́, èébì á máa gbé e, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Ó léwu nítorí pé ẹni tó ń ṣe máa ń rò pé òùngbẹ ni, á sì tún mu omi sí i. Òun fúnra rẹ̀ kọ́ ló máa kọ́kọ́ mọ̀, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Torí náà, ní gbogbo ibùdó àyẹ̀wò, kí ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta, kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì: ìgbà wo lo tọ̀ kẹ́yìn, kí lo ti jẹ láti ibùdó tó kọjá, ṣé okùn aago rẹ ò fún ọ lọ́wọ́? Ẹni tí èsì rẹ̀ kò bá já gaara, ẹ má jẹ́ kó dá lọ. Ẹ mú un lọ bá dókítà. Bí wọ́n bá fa omi sí i lára, wọ́n á fi ìyà kún àkókò rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń fi àìsàn pa mọ́. Àkókò kò tó ohun tí à ń fi ẹ̀mí pa mọ́ fún.

Àpò ẹ̀yìn kò gbọ́dọ̀ fúyẹ́ ju kílò 6.5 lọ, kò sì gbọdọ̀ wúwo ju kílò 15 lọ, láìka omi. Ó kéré tán, ẹ gbọ́dọ̀ ní oúnjẹ tó tó kálórì (ìwọ̀n agbára inú oúnjẹ) 2,000 fún ọjọ́ kan, 14,000 lápapọ̀, wọ́n á sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi ìṣirò ṣe é. Bí oúnjẹ yín bá ń fúnni ní kálórì 4.5 nínú gíráàmù kan, 14,000 á wọn nǹkan bí kílò 3.1. Bó bá jẹ́ 3.5, á di kílò mẹ́rin. Ìyàtọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan yìí, ẹ̀yìn yín ni yóò wà láti ọjọ́ kìíní. Ẹ̀pà àti àwọn èso onípáádi bíi tirẹ̀ máa ń fúnni ní nǹkan bí mẹ́fà, òróró ólífì sún mọ́ mẹ́sàn-án. Àwọn oúnjẹ ẹlẹ́rọ̀ inú ọ̀rá kékeré tí eléré ń fà mu kì í sábà tó mẹ́ta, nítorí omi ló pọ̀ nínú wọn. Ṣokoléètì á yọ́, ẹ fi sílé. Adùn ṣúgà á sì sú ẹnu yín kí eré tó dé ìdajì, nítorí náà kí oúnjẹ oníyọ̀ pọ̀ dáadáa, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ra irú tó yàtọ̀ kí ẹ lè máa ṣe pààrọ̀. Ohun èlò dandan kò ṣeé pín: àpò ìsùn, tọ́ọ̀ṣì orí àti bátìrì àfikún, kọ́ńpáàsì, fèrè, dígí, ọ̀bẹ, ẹ̀rọ tó ń fa oró ejò jáde, oògùn apakòkòrò, aṣọ ìbora fún pàjáwìrì, àti 200 yúrò lówó. Kálukú ló gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí dókítà àti àyẹ̀wò ìlù ọkàn. Ohun tí ẹ lè pín ni ìkòkò, ààrò kékeré, téèpù àti oògùn ẹsẹ̀. Ìkòkò kan tó fún ẹni mẹ́ta.

Ẹsẹ̀ ló ń lé ènìyàn kúrò nínú eré yìí. Òógùn á mú awọ ẹsẹ̀ rọ̀, iyanrìn á máa lọ̀ ọ́, ooru á mú kí ẹsẹ̀ wú, bàtà tó bá ọ mu nílé á wá di kékeré, ìléròrò á sì yọ. Ẹ ra bàtà tó fi ìdajì nọ́ńbà sí nọ́ńbà kan tóbi ju ti ilé lọ, ẹ má sì fi tuntun lọ. Ẹ fi ìbòrí iyanrìn tí wọ́n fi aṣọ agbòòrùn párásúùtì rán bo bàtà láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé abẹ́ orúnkún. Velcro, ìyẹn ọ̀já tó ń lẹ̀ mọ́ra, tí ń dì í mú gbọ́dọ̀ yí etí bàtà ká láìjá níbì kan, kí ẹ sì gbé e fún ṣúmékà kó rán an mọ́ bàtà. Èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ nìkan á ṣí nígbà tí ooru bá mú un, níwájú ìka ẹsẹ̀ ló sì ti máa ń kọ́kọ́ ṣí. Ẹ lẹ téèpù mọ́ ibi tó sábà máa ń bó kí ẹ tó gbéra, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti bó.

Bí ìléròrò bá yọ, ẹ fọ ọwọ́, ẹ fi oògùn apakòkòrò nu ibẹ̀, ẹ fi abẹ́rẹ́ tí kòkòrò kò sí lára rẹ̀ gún un létí ní ojú méjì, ẹ rọra tẹ omi inú rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ẹ má ṣí awọ orí rẹ̀ kúrò. Awọ yẹn ni pílásítà tó dára jù tí ẹ ní. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ wá fi téèpù dè é, ẹ gé igun téèpù rí roboto kó má baà ká. Pílásítà onígẹ́lì tó nípọn máa ń yọ́ mọ́ ìbọ̀sẹ̀ nínú ooru, tí ẹ bá sì ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀ á kó awọ lọ. Ẹnì kan nínú ikọ̀ kó máa tọ́jú ẹsẹ̀ gbogbo yín ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan; ó ṣòro fún ẹni tó ti rẹ̀ láti rí gìgísẹ̀ ara rẹ̀.

Lójú ọ̀nà, aago ẹni tó lọ́ra jù ni aago ikọ̀. Lórí ilẹ̀ líle, kó wà níwájú, kó má baà máa lé yín títí tí agbára rẹ̀ fi máa tán. Nínú òkìtì iyanrìn, ẹ pààrọ̀: kí alágbára ṣíwájú láti tẹ ojú ẹsẹ̀ sílẹ̀, kí àwọn yòókù máa tẹ ibi tó tẹ̀. Ẹ máa tọ orí òkìtì lọ dípò kí ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ tún máa gùn, ẹ sì fi òwúrọ̀ kọjá iyanrìn rírọ̀ bí ó bá ṣeé ṣe, nígbà tó ṣì dì. Bí afẹ́fẹ́ bá kọjú sí yín, ẹ tò sórí ìlà kan, kí ẹ máa pààrọ̀ ẹni tó wà níwájú ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Ìjì iyanrìn tó bo àmì mọ́lẹ̀ kì í ṣe eré: ní 1994, Mauro Prosperi, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ṣìnà nínú irú ìjì bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ Àlgéríà ni wọ́n ti rí i lẹ́yìn ọjọ́ tó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Bí ẹ kò bá rí àmì mọ́, ẹ dúró, ẹ jókòó pọ̀, ẹ bo imú àti ojú, kí ẹ sì dúró de ìgbà tí yóò mọ́lẹ̀.

Ìpele gígùn ni ìdánwò ikọ̀. Ní 2024, ó jẹ́ nǹkan bí 85 kìlómítà, ó sì ń wọ inú òru. Gbèdéke rẹ̀ fàyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá ń rìn lóòótọ́, ràkúnmí méjì tó ń tẹ̀lé ẹni ìkẹyìn ni ẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó kọjá yín. Ìdúró ló ń jẹ àkókò níbẹ̀. Ikọ̀ ẹni mẹ́rin tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ìgbà tirẹ̀ ti pàdánù ìṣẹ́jú 40. Ẹ fẹnu kò ṣáájú: ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ibùdó àyẹ̀wò fún gbogbo yín lẹ́ẹ̀kan náà, àti ìsinmi gígùn kan ṣoṣo láti jẹun gbígbóná. Ẹ tún fẹnu kò, kí ẹ tó kúrò nílé, lórí ohun tí ẹ ó ṣe bí ẹnì kan kò bá lè tẹ̀síwájú mọ́. Ìpinnu yẹn kò ṣeé ṣe láàárín òru lórí iyanrìn, nígbà tí ojú ti ń ro gbogbo yín.

Oṣù kẹrin ni wọ́n sábà máa ń sá a. Ní 2021, àrùn kòrónà ti í sí oṣù kẹwàá, ooru burú, inú rírun gba ibùdó kan, nǹkan bí ìdajì eléré kò parí rẹ̀, ẹnì kan sì kú. Fún ìdí èyí, ẹ má fojú di mímú ara mọ́ ooru: ọjọ́ 10 sí 14 ti ìdárayá nínú ooru, láàárín àwọn ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú eré, ni ara nílò kó tó lè máa làágùn dáadáa. Ìmọ́tótó ọwọ́ nínú àgọ́ náà kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Ẹnì kan tí inú rẹ̀ bá dàrú lè kó o ran gbogbo àgọ́.

Ní ti owó àánú, ibí ni a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Láti 2008 ni eré náà ti ní àjọ tirẹ̀, Solidarité Marathon des Sables, tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ọmọdé àti obìnrin ní Mòrókò. Ẹ lè sá fún un, ẹ sì lè sá fún àjọ mìíràn. Ṣùgbọ́n ikọ̀ ẹni mẹ́rin á ná ju 12,000 yúrò lọ lórí ìforúkọsílẹ̀ nìkan, kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, bàtà àti oúnjẹ. Bí ẹ bá kó 15,000 jọ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, tí ẹ sì yọ owó eré kúrò nínú rẹ̀, díẹ̀ ló máa dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ẹ ń sá fún. Ẹ fi owó tiyín sanwó eré, tàbí kí ẹ wá ilé-iṣẹ́ tí yóò san án, kí ẹ sì kọ ọ́ sí ojú ewé ìtọrẹ yín ní kedere pé gbogbo kọ́bọ̀ tí ènìyàn bá san ló ń lọ sọ́dọ̀ àjọ. Àwọn àjọ kan máa ń fúnni ní àyè, wọ́n á sì ní kí ẹ ṣèlérí iye tí ẹ máa kó wá. Ẹ béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹ kò bá bá a kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé.

Fún ikọ̀ tó ti jọ rìn lóru pẹ̀lú ẹrù kílò mẹ́sàn-án sókè, tó ti sùn nílẹ̀ẹ́lẹ̀ pọ̀, tó sì mọ ẹni tó máa ń bínú bí ebi bá ń pa á, owó yìí kò ṣòfò. Èyí tí kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀, kó fi orúkọ sílẹ̀ fún ti ọdún tó ń bọ̀, kó sì fi oṣù méjìlá náà rìn.