Kápílárì tí wọ́n fi PVA kùn nínú: ohun tí mo rí láàrin oṣù mẹ́jọ

Oṣù mẹ́jọ rèé tí mo ti ń lo kápílárì, ìyẹn ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín tó ní ihò nínú, èyí tí wọ́n fi pọ́límà PVA (polyvinyl alcohol) kùn nínú, láti ya purotéènì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí ẹ̀rọ CE, ìyẹn capillary electrophoresis, tó ń fi agbára iná mú kí purotéènì gba inú ihò náà kọjá, kí kálukú dé ojú ẹ̀rọ ní àkókò tirẹ̀. Mo ti lo méjì bàjẹ́, ẹ̀kẹta ló wà lórí ẹ̀rọ báyìí. Ó wọ́n, mi ò ní purọ́. Owó ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀ á ra kápílárì lásán tó máa tó èèyàn lò fún ìgbà pípẹ́. Síbẹ̀, fún iṣẹ́ tí mò ń ṣe, mi ò ní padà sí ti àtijọ́.

Lysozyme, purotéènì kan tó wà nínú funfun ẹyin adìẹ, ni mo máa ń fi dán nǹkan tuntun wò. Iná pọ́sítíìfù ló máa ń gbé kiri, kódà bí pH, ìyẹn ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó, bá ga dé 10. Gíláàsì silica sì ni kápílárì lásán, ihò inú rẹ̀ jẹ́ máíkírómítà 50, kò tó irun orí ní fífẹ̀. Tí pH bọ́fà, ìyẹn omi inú kápílárì tó ń mú kí pH dúró lójú kan, bá ti ń ga ju 3 lọ, ògiri inú gíláàsì yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iná nẹ́gátíìfù. Ẹ fi pọ́sítíìfù sí àárín nẹ́gátíìfù, kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀? Lysozyme mi lẹ̀ mọ́ ògiri bí ògì ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Dípò kí ṣóńṣó rẹ̀, ìyẹn àmì tó ń yọ sókè lórí àwòrán kọ̀ǹpútà tí purotéènì bá dé, dúró ṣánṣán, ńṣe ló ń wọ́ ìrù nílẹ̀ títí àyẹ̀wò fi parí. Èyí tó lẹ̀ yìí tún ń yí ìṣàn bọ́fà padà, ìyẹn bí iná nẹ́gátíìfù ara ògiri ṣe ń mú kí bọ́fà ṣàn nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, débi pé ohun tó dé ní ìṣẹ́jú mẹ́fà láàárọ̀ lè di ti ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ́sàn-án. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń fọ kápílárì ju bí mo ṣe ń ṣàyẹ̀wò lọ.

Ìṣòro yìí kì í ṣe tuntun. Láti 1985 ni Stellan Hjertén ti fi polyacrylamide, pọ́límà míì, bo ògiri náà ní Uppsala, ní Sweden. Ti PVA yìí, ooru ni wọ́n fi ń yan án títí kò fi ní yọ́ sínú omi mọ́. Pọ́límà náà fẹ́ràn omi, ó máa ń mu ún yó, ó sì dà bí àṣíborí tó tutù láàrin purotéènì àti gíláàsì. Ó tún fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìṣàn bọ́fà dúró pátápátá, kí purotéènì kọ̀ọ̀kan lè fi agbára iná ara rẹ̀ nìkan rìn.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lò ó, mo po purotéènì mẹ́ta, lysozyme, cytochrome c àti ribonuclease A, pọ̀ nínú bọ́fà fósífétì tí pH rẹ̀ jẹ́ 3, mo sì tan iná fóòtì 25,000 sí i. Mo dúró ti kọ̀ǹpútà. Ṣóńṣó mẹ́ta jáde, tín-ín-rín, gbọnrangandan, bí ẹyọ ìgbálẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n nà ró. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mo to àwòrán mẹ́wẹ̀ẹ̀wá léra, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ara wọn mọ́lẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo pe ọ̀gá mi kó wá wò ó.

Àmọ́ ó ní àwọn ibi tó ti ń dunni. Lákọ̀ọ́kọ́, mo gbé albumin, purotéènì míì, sí i ní pH 7, mo dúró fún ogójì ìṣẹ́jú, mi ò rí nǹkan kan. Nẹ́gátíìfù ni albumin ní pH yẹn. Nínú kápílárì lásán, ìṣàn bọ́fà ni ì bá gbé e kọjá níwájú ojú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n níbí kò sí ìṣàn tó máa gbé e. Àfi kéèyàn yí ìhà pọ́sítíìfù àti nẹ́gátíìfù iná náà padà. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

Ti èkejì ló dùn mí jù. Àbúrò wa kan ní láàbù fi NaOH, sódà tó ń jóni lára, fọ kápílárì náà kó tó lò ó, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe sí kápílárì lásán. Mi ò lè bá a wí, ohun tí wọ́n kọ́ ọ nìyẹn. Láti ọjọ́ yẹn ni ṣóńṣó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ìrù, kápílárì oṣù mẹ́ta sì lọ bẹ́ẹ̀. Omi àti ásíìdì fósífóríìkì tí kò le ni kí ẹ máa fi fọ̀ ọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ mi ló ṣẹ́ ẹ níbi ojú tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, torí pé ibẹ̀ kò ní ìbora ike tó ń dáàbò bo ìta gíláàsì náà. Kápílárì lásán, ìṣáná lásán lẹ ó fi sun ike ìta rẹ̀ kúrò láti ṣe ojú tuntun sí i. Eléyìí kò ṣeé sun, ooru á ba ìbora inú rẹ̀ jẹ́.

Tí owó kò bá sí, tàbí tó bá jẹ́ pé bọ́fà tó le gan-an tàbí omi ẹ̀jẹ̀ tó kún fún ìdọ̀tí lẹ ń lò, mo máa ní kí ẹ fi ọwọ́ ara yín kùn ún. Katayama àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan ṣàlàyé rẹ̀ ní 1998: ẹ fi Polybrene, pọ́límà tó jẹ́ pọ́sítíìfù, ṣàn án, kí ẹ fi dextran sulfate, pọ́límà tó jẹ́ nẹ́gátíìfù, lé e, kí ẹ tún wá fi Polybrene parí rẹ̀. Ògiri á di pọ́sítíìfù, á sì máa lé lysozyme sẹ́yìn dípò kó fà á mọ́ra. Mo gbìyànjú rẹ̀, ó ṣiṣẹ́, kò sì gba ju wákàtí kan lọ. Bó bá bàjẹ́, ẹ ó tún un kùn. Ṣùgbọ́n ìṣàn bọ́fà rẹ̀ yára, àwọn tó jọra wọn pẹ́kípẹ́kí kò ya sọ́tọ̀ fún mi tó ti PVA.

Ẹ̀kẹta tó wà lórí ẹ̀rọ báyìí, mo ti lẹ tépù pupa mọ́ káséètì tí wọ́n fi gbé e sínú ẹ̀rọ, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé NaOH kò gbọ̀dọ̀ kan án. Láàárọ̀ òní, ṣóńṣó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà níbi tí wọ́n wà lóṣù tó kọjá.