Ilé Ẹ̀kọ́ Ìtòsí, Èyí Tó Lórúkọ, àti ti Ìjọ: Ìfiwéra fún Òbí Tó Ń Wá Àyè Reception ní England

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ti ń sún mọ́ ọdún mẹ́rin, tí ẹ sì ń gbé ní England, ọjọ́ 15 oṣù kìíní ni gbígba fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọjọ́ 16 oṣù kẹrin sì ni èsì ń jáde. Ẹni tó bá fi tirẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ẹ̀yìn èèyàn ni wọ́n sábà máa ń tò ó sí. Ọmọ tó wà ní nọ́sìrì ilé ẹ̀kọ́ kan kò sì tíì gbàyè Reception, ìyẹn kíláàsì àkọ́kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níbẹ̀ o. Àfi kí òbí rẹ̀ tún kọ fọ́ọ̀mù bíi ti ẹni tó ń bọ̀ láti ìta.

Ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba ń sanwó rẹ̀ ni mo ń sọ, ìyẹn àwọn tí òbí kì í san owó ilé ìwé níbẹ̀. Mẹ́ta ló sábà máa ń kù nílẹ̀ nígbà tí bàbá àti ìyá bá jókòó ti fọ́ọ̀mù: ilé ẹ̀kọ́ káńsù tó wà nítòsí ilé, èyí tó lórúkọ tí gbogbo èèyàn ń ròyìn rẹ̀ níbi àríyá, àti ilé ẹ̀kọ́ ìjọ. Àwọn ọmọ wa lọ sí ti ìtòsí. Èyí tó lórúkọ ni a torí rẹ̀ kó kúrò nílé tí a wà, a sanwó, a ò sì rí àyè. Ti ìjọ, ọmọ àbúrò mi obìnrin wà níbẹ̀, mo sì mọ ohun tí ojú ìyá rẹ̀ rí kí ó tó wọlé.

Ọ̀rọ̀ catchment: ibẹ̀ ni owó ń bá lọ

Catchment, ìyẹn àgbègbè tí ilé ẹ̀kọ́ kan ti ń gba ọmọ, ni ọ̀rọ̀ tí àwọn éjẹ́ǹtì fi ń pọ́n ilé lé. Wọ́n á ní, "Ilé yìí wà nínú catchment ilé ẹ̀kọ́ báyìí," owó ilé á sì fò sókè. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an.

Ní ọ̀pọ̀ ibi, pàápàá ní London àti àwọn ìlú ńlá, kò sí ìlà kankan tí ẹnikẹ́ni fà sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ní iye ọmọ tó ń gbà lọ́dún, bóyá 30, bóyá 60. Ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ àkànṣe, tí ìwé EHCP rẹ̀ (ètò ìrànlọ́wọ́ tí káńsù kọ fún un) dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà, ló kọ́kọ́ ń wọlé. Ọmọ tó wà lábẹ́ ìtọ́jú káńsù, tàbí tó ti wà lábẹ́ rẹ̀ rí, ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn wọn, ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ó kan àwọn tí ẹ̀gbọ́n wọn ti wà níbẹ̀. Àyè tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n ń pín fún àwọn yòókù, láti orí ẹni tí ilé rẹ̀ sún mọ́ jù lọ. Ilé ọmọ tó gba àyè kẹ́yìn, ibẹ̀ ni catchment ọdún náà parí sí. Lọ́dún tó ń bọ̀, ibòmíràn ni.

Nítorí náà, ìlà tí éjẹ́ǹtì ń fi hàn yín lórí fóònù, ti ọdún tó ti kọjá ni. Àwọn ọmọ ọdún yẹn ti wọlé, wọ́n ti jókòó.

Èyí tí wọ́n fi han àwa gbòòrò gan-an, ilé tí a gbà sì bọ́ sáàárín rẹ̀ dáadáa. Owó tí a ń san lóṣooṣù fi púpọ̀ ju ti ibi tí a ti ń bọ̀ lọ, àdéhùn ọdún kan gbáko ni a sì buwọ́ lù. Ohun tí kò sí lórí àwòrán náà ni pé ọdún tí wọ́n yà á, ilé ẹ̀kọ́ yẹn ṣí kíláàsì kan kún ti tẹ́lẹ̀ fún ọdún kan péré. Bulge class ni wọ́n ń pè é. Ọmọ 60 ni wọ́n gbà lọ́dún náà dípò 30, ìlà sì fẹ̀ kọjá ojú irin. Lẹ́yìn ìyẹn, iye ọmọ padà sí 30, ṣùgbọ́n àwọn 60 tó ti wọlé ní àbúrò nílé, àwọn àbúrò yẹn sì ń dàgbà. Nígbà tó fi máa kan ọmọ tiwa, àwọn àbúrò ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú àyè tó wà. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù tán ní ilé mélòó kan ṣáájú tiwa, ní òpópónà kan náà.

Éjẹ́ǹtì ní òun kò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Owó ilé kò sì torí ìyẹn wálẹ̀. A pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ibẹ̀ ni a ti wá mọ̀ pé òfin kò gbà kí kíláàsì Reception, Year 1 àti Year 2 ju ọmọ 30 lọ sábẹ́ olùkọ́ kan, àfi fún àwọn ọmọ díẹ̀ tí òfin yọ sọ́tọ̀. Tí kíláàsì bá ti kún báyẹn, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà kò lè fún yín láyè àfi tí ìlànà ìgbàwọlé bá lòdì sófin, tàbí tí wọ́n ṣì í lò débi pé àyè ọmọ yín bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, tàbí tí ìpinnu náà bá jẹ́ èyí tí kò bọ́gbọ́n mu rárá. Pé ẹ kó ilé nítorí rẹ̀, pé ọ̀nà ibòmíràn jìn, kò sí èyí tó ń wọn nǹkan kan níwájú wọn.

Kí ẹ tó buwọ́ lu àdéhùn ilé, ẹ wá ìwé ìgbàwọlé tí káńsù ń gbé jáde lọ́dọọdún. Ọ̀pọ̀ káńsù ló ń kọ bí ilé ọmọ tó wọlé kẹ́yìn ṣe jìnnà tó sí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tí àwọn olùbéèrè ti pọ̀ ju àyè lọ. Ọdún kan kò tó. Ẹ wo mẹ́ta, ẹ wo mẹ́rin, kí ẹ sì fi èyí tó kéré jù ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n: káńsù kan ń fa ìlà tààrà láti ilé dé ilé ẹ̀kọ́, òmíràn ń wọn ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń tọ̀, odò kan láàárín sì lè sọ ilé tó sún mọ́ lójú àwòrán di èyí tó jìnnà. Ẹ béèrè iye àbúrò tó wọlé lọ́dún tó kọjá. Ẹ béèrè bóyá bulge class ti wáyé rí, ní ọdún wo, àti bóyá ilé ẹ̀kọ́ ń gbèrò láti dín iye ọmọ kù. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn gba àfiyèsí nísinsìnyí, ní London pàápàá, nítorí pé ìbímọ ti dínkù. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ti dín kíláàsì méjì kù sí ọ̀kan, wọ́n sì ti pa àwọn mìíràn dé. Ìdínkù ìbímọ yìí kan náà ti jẹ́ kí ìlà fẹ̀ níbòmíràn, kí ó sì rọrùn láti wọlé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí náà, ìrírí ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù ní 2014 kò lè ràn yín lọ́wọ́, ì báà jẹ́ ìròyìn ayọ̀ tàbí ti ẹkún.

Àwọn agbègbè kan wà, pàápàá lẹ́yìn àwọn ìlú ńlá, tí káńsù ti fa ìlà gidi. Níbẹ̀ náà, wíwà nínú ìlà ń fi yín ṣáájú ẹni tó wà níta ni; kò sọ pé àyè ti di tiyín. Ààlà láàárín káńsù méjì kọ́ ló sì yẹ kó dẹ́rù bà yín: ìdájọ́ ilé ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ Greenwich ní 1989 ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé káńsù kò gbọdọ̀ ti ọmọ sẹ́yìn kìkì nítorí pé abẹ́ káńsù mìíràn ló ń gbé. Bí ilé ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ yín bá wà lódìkejì, ẹ kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù káńsù tiyín.

Àdírẹ́sì àǹtí tàbí ti ọ̀rẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Káńsù ń yẹ ìwé council tax (owó orí ilé) wò, wọ́n sì lè gba àyè náà padà lẹ́yìn tí ọmọ ti ní ọ̀rẹ́ níbẹ̀.

Ti ìjọ

Níbi tí èèyàn bá ti pọ̀ ju àyè lọ, ìjọsìn ló máa ń ṣáájú ọ̀nà jíjìn nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ilé ẹ̀kọ́ Kátólíìkì máa ń béèrè ìwé ẹ̀rí ìrìbọmi, àwọn kan sì ń fẹ́ ọ̀rọ̀ láti ẹnu àlùfáà. Ti Áńgílíkà kò dọ́gba: àwọn kan ń fẹ́ ìjọsìn déédéé fún ọdún méjì pẹ̀lú ìfọwọ́sí fíkà, àwọn kan kò béèrè ju bí ilé ṣe jìnnà sí. Ẹni tó ń jọ́sìn ní ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì, kí ó ka ìlànà wọn dáadáa, nítorí pé àwọn kan ń ka ìjọ Kristẹni mìíràn mọ́ tiwọn, àwọn kan kì í kà á. Ìdílé Mùsùlùmí náà lè kọ ọ́. Bí àyè bá ṣẹ́kù, wọn kò lè fi ẹ̀sìn lé ọmọ padà, òbí sì ní ẹ̀tọ́ láti yọ ọmọ kúrò nínú ìjọsìn wọn.

Fọ́ọ̀mù kejì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé. Yàtọ̀ sí ti káńsù, fọ́ọ̀mù kan tún wà tí ẹ máa fi ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀. Láìsí i, inú àwọn tí kò ṣe ẹ̀sìn wọn ni wọ́n máa tò yín sí. Àbúrò mi ń buwọ́ lu ìwé lẹ́yìn ìsìn ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi kí fíkà tó lè jẹ́rìí sí i, òjò ì báà rọ̀, àárẹ̀ ì báà ṣe ọmọ.

Èsì ìdánwò

Máàkì tí gbogbo èèyàn ń tọ́ka sí, ti Year 6, kíláàsì tó kẹ́yìn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni, ìdánwò SATs tó ń wáyé lóṣù karùn-ún. Ní 2025, nínú gbogbo England, ọmọ 62 nínú 100 ló kúnjú òṣùwọ̀n nínú ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò pọ̀. Nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ gbé ti ilé ẹ̀kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí kíláàsì kan ṣoṣo wà, tí ọmọ 30 ṣe ìdánwò, ọmọ kọ̀ọ̀kan dúró fún ohun tó ju 3 lọ nínú 100. Kí ọmọ márùn-ún kùnà díẹ̀, èsì lè fi bíi 17 wálẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé olùkọ́ kan náà, ìkọ́ni kan náà ni. Ẹ ka ọdún mẹ́ta pọ̀. Kò sí ìdánwò ní 2020 àti 2021 nítorí kòrónà.

Ohun tó ń sọ iṣẹ́ olùkọ́ gan-an ni ibi tí ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó dé. Ìjọba kò lè gbé nọ́ńbà yẹn jáde fún 2024 àti 2025, nítorí pé kòrónà kò jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ṣe ìdánwò Year 2, tí wọn ì bá fi mọ ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tiwọn. Nítorí bẹ́ẹ̀, èsì gíga ti èyí tó lórúkọ lè jẹ́ iṣẹ́ olùkọ́, ó sì lè jẹ́ iṣẹ́ lẹ́sìnnì tí àwọn òbí ń sanwó rẹ̀ nílé. Lórí ìkànnì ìjọba tó ń fi èsì ilé ẹ̀kọ́ wéra, ẹ wo bí àwọn ọmọ tí òbí wọn kò lówó lọ́wọ́ ṣe ṣe sí. Ibẹ̀ ni ti ìtòsí tiwa ti yà mí lẹ́nu.

Ní ti Ofsted, àwọn tó ń bẹ ilé ẹ̀kọ́ wò, láti oṣù kẹsàn-án 2024 ni wọn kò ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dá ilé ẹ̀kọ́ ìjọba lẹ́jọ́ mọ́, oṣù kọkànlá 2025 sì ni ìjábọ̀ irú tuntun bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bá ti yí padà láti ìgbà tí wọ́n wá, èmi kì í gbé ìjábọ̀ àtijọ́ lé nǹkan kan.

Ẹ lọ fojú rí i

Níbi èyí tó lórúkọ, wọ́n kó wa rìn yípo lọ́pọ̀ èèyàn, ẹni tó ń mú wa kiri kò sì dúró gbọ́ ìbéèrè. Ní ti ìtòsí, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wà lẹ́nu géètì nínú òjò, ó ń fi orúkọ kí àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń wọlé. Olùkọ́ Reception ní kí n tún orúkọ ọmọ mi pè. Ó kọ ọ́ bí ó ṣe gbọ́ ọ, ó fi bírò fa ìlà kékeré sókè níbi tí ohùn ti gòkè, ó sì tún un pè títí ó fi bọ́ sí i lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó gé orúkọ ọmọ yẹn kúrú níbẹ̀ títí ó fi parí.

Ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn lọ. Ẹni tó bá yan ibi tó jìn nígbà tí àyè wà nítòsí, owó ọkọ̀ di tirẹ̀ nìyẹn.

Èwo ni kí ẹ kọ?

Bí ìdílé yín bá ti ń jọ́sìn láti ọjọ́ pípẹ́, tí ìwé ẹ̀rí sì wà nílẹ̀, ti ìjọ yẹ yín. Bí ẹ bá ti ń gbé ibi tí ìlà èyí tó lórúkọ dé lọ́dún tó kéré jù, ẹ kọ ọ́ sí àkọ́kọ́. Èmi kò ní dá owó ilé lé e. Ti ìtòsí ni mo máa kọ́kọ́ lọ wò, òun náà sì ni mi ò ní yọ kúrò lórí fọ́ọ̀mù láé.

Ní London, ilé ẹ̀kọ́ mẹ́fà lẹ lè kọ. Níbòmíràn, ó kéré tán mẹ́ta. Bí ẹ ṣe tò wọ́n kò ní ipa lórí bóyá ilé ẹ̀kọ́ kan máa gbà yín. Èyí tó ga jù lórí ìwé yín nínú àwọn tí àyè bá kàn yín níbẹ̀ ni wọ́n máa fún yín. Kíkọ ẹyọ kan ṣoṣo kò sọ ọ́ di dandan fún wọn. Ẹni tó bá yọ ti ìtòsí sílẹ̀, tí àwọn yòókù sì já a kulẹ̀, ibikíbi tí àyè bá ṣófo ni káńsù máa tì í sí.

Lẹ́yìn ọjọ́ 16 oṣù kẹrin, ẹ gba àyè tí wọ́n fún yín kí gbèdéke ìdáhùn tó kọjá, bí inú yín ò tilẹ̀ dùn sí i. Kò yọ yín kúrò nínú àwọn tó ń retí àyè níbòmíràn. Ẹ sì mọ̀ pé ìlànà ìgbàwọlé kan náà ni wọ́n fi ń to orúkọ àwọn tó ń retí, kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ dé: ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé sí ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ lóṣù keje lè bọ́ síwájú ẹni tó ti wà níbẹ̀ láti oṣù kẹrin.