Iṣẹ́ ọ́fíìsì: Microsoft 365, Google Workspace àbí LibreOffice?

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa gba ìròyìn lọ́wọ́ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí n tò ó pọ̀, kí n sì gbé e fún ọ̀gá. Mo ti fi ètò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ṣe é. Ojú tèmi ni pé kò sí ìdí tí gbogbo kọ̀ǹpútà inú ọ́fíìsì kan fi gbọ́dọ̀ máa lo ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn.

Níbi tí ọwọ́ púpọ̀ bá ti ń kan ìwé kan náà, Google Docs, apá ìwé kíkọ nínú Google Workspace, ni mo fara mọ́. Ohun tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni Suggesting. Bí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ mi wò bá pa gbólóhùn kan rẹ́, gbólóhùn yẹn ò ní lọ. Ìlà kàn máa gba àárín rẹ̀ kọjá ni, orúkọ ẹni yẹn á hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó di ìgbà tí mo bá tẹ̀ ẹ́ pé mo gbà kó tó parẹ́. Èèyàn lè jọ kọ ìwé nínú Word, ti Microsoft 365, náà, àmọ́ fáìlì ọ̀hún gbọ́dọ̀ wà lórí OneDrive tàbí SharePoint, ìyẹn àwọn ibi tí Microsoft ń bá èèyàn tọ́jú fáìlì sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Tó bá wá di ìṣirò, ẹ jẹ́ ká fi Excel, apá ìṣirò nínú Microsoft 365, sípò rẹ̀. Ojú ewé kan ṣoṣo gba ìlà 1,048,576. Mílíọ̀nù 10 sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àpótí kéékèèké tí à ń kọ nǹkan sí, ni gbogbo fáìlì Google Sheets, apá ìṣirò ti Google, lè gbà. Ìlà mílíọ̀nù kan tó ní òpó mẹ́wàá ti kún un dẹ́nu. Power Query, irinṣẹ́ kan nínú Excel, ló sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi jù: ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á ju fáìlì tirẹ̀ sínú fódà kan, òun á kó gbogbo rẹ̀ sínú tábìlì kan. Tí oṣù mìíràn bá dé, Refresh ni mo máa tẹ̀.

Ó máa ń dùn mí bí àwọn èèyàn ṣe ń fojú tín-ín-rín LibreOffice. Láti 2010 ló ti wà, ọ̀fẹ́ ni, kò béèrè íntánẹ́ẹ̀tì, orí kọ̀ǹpútà yín sì ni fáìlì yín wà. ODF, irú fáìlì tó fi ń tọ́jú ìwé, ti wà lára ìlànà ISO, àjọ tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún gbogbo àgbáyé, láti 2006. Ẹ wo lẹ́tà tí wọ́n fi fóńtì Calibri kọ nínú Word: LibreOffice á fi fóńtì Carlito rọ́pò rẹ̀, ìbú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì bára mu, nítorí náà ìlà ò ní já sí ibòmíràn. Ibi tó kù sí ni àpótí ọ̀rọ̀ àti tábìlì inú tábìlì, tó lè yẹ̀ kúrò ní àyè wọn, àti màkírò Excel, ìyẹn àwọn àṣẹ tí wọ́n kọ kí iṣẹ́ lè máa ṣe ara rẹ̀, tí kì í ṣiṣẹ́ tán níbẹ̀.

Kí ẹ tó san owó ọdún tó ń bọ̀ fún gbogbo òṣìṣẹ́, ẹ mú ìwé tó díjú jù ní ọ́fíìsì yín, kẹ́ ẹ ṣí i nínú LibreOffice. Tó bá jáde bó ṣe yẹ, àwọn tó ń ṣe ìṣirò nìkan ni kẹ́ ẹ ra Excel fún.