Àpò jẹ́ẹ̀tì kábúrétọ̀ tí mo lò lẹ́yìn tí mo pààrọ̀ sàlẹ́ńsà alùpùpù mi

Nígbà tí mo yọ sàlẹ́ńsà tó bá alùpùpù mi wá, tí mo fi èyí tí inú rẹ̀ ṣófo rọ́pò rẹ̀, ohùn rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ dín kù: bí mo bá fún un níná lójijì, á kọ́kọ́ ṣe bí ẹni pé ó fẹ́ kú kó tó gbéra, bí mo bá sì jáwọ́ níná, á máa yìn pò-pò-pò lẹ́yìn. Mo tú pulọ́ọ̀gì, ẹnu rẹ̀ funfun bí ẹfun. Afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù, epo kò tó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra àpò jẹ́ẹ̀tì: àwọn idẹ kékeré oníhò tí epo ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀, níbi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé, àti abẹ́rẹ́ kan tó ń díwọ̀n epo.

Abẹ́rẹ́ inú àpò náà ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ó ní ojú ìdè 5 (ibi tí a lè fi ìdè kékeré tó gbé e dúró kọ́ sí), nígbà tí ti tẹ́lẹ̀ kò ní ju ẹyọ kan lọ. Bí mo ti sún ìdè náà sísàlẹ̀ ní ojú kan, abẹ́rẹ́ gbéra díẹ̀, epo sì ráyè kọjá sí i nígbà tí ọwọ́ iná bá wà ní agbedeméjì, níbi tí a ti ń gùn ún jù.

Ìwé ìlànà rẹ̀ ló ṣì mí lọ́nà. Ó ní kí n fi jẹ́ẹ̀tì ńlá (èyí tó ń fún ẹ́ńjìnnì lépo nígbà tí a bá fún un níná tán) 115 rọ́pò 100 tó wà níbẹ̀; bí nọ́ńbà bá ṣe pọ̀ tó ni ihò rẹ̀ ṣe ń fẹ̀ tó. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, pulọ́ọ̀gì sì dúdú bí ìdí ìkòkò, ẹ́ńjìnnì náà wúwo nígbà tí mo fún un níná tán. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 110, mo gùn ún títí ó fi gbóná, mo fún un níná tán, mo pa á lójú ẹsẹ̀ láìjẹ́ kó ṣe sílò (kó máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ láìfún un níná), mo sì tún tú pulọ́ọ̀gì: ó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, bó ṣe yẹ.

Yíyìn ẹ̀yìn náà kò lọ, àní lẹ́yìn tí mo tú síkúrù sílò, èyí tó ń díwọ̀n epo nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣe sílò, láti ìyípo 1 àti ààbọ̀ sí 2 àti ààbọ̀. Mo da omi ọṣẹ sí oríkèé sàlẹ́ńsà, mo tan ẹ́ńjìnnì nígbà tó ṣì tutù, ló bá ń hó. Gásíkẹ́ẹ̀tì (ohun tí a fi ń dí oríkèé kí èéfín má bàa jò) ògbólógbòó tí mo dá padà síbẹ̀ ló ń jò. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, kì í ṣe ti àpò jẹ́ẹ̀tì. Mo pààrọ̀ rẹ̀, ó dákẹ́.

Àléébù kan tún wà: idẹ jẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí rọ̀ púpọ̀, sukudíráfà tí ẹnu rẹ̀ kéré ti ba ojú ọ̀kan jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Bí wọ́n bá lè tún ìwé ìlànà yẹn kọ, n kò ní wá òmíràn lọ.