Ruger American Rimfire .22 LR: ìbọn ọdẹ kékeré tí kò gbówó lórí

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá ìbọn àkọ́kọ́ tí yóò fi máa pa ehoro àti ọ̀kẹ́rẹ́ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ ìbọn. Lójú tèmi, orí ọta ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ ó ra ìbọn, àmọ́ ọta ni ẹ ó máa rà títí. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú ráífù tó ń yin ọta kékeré tí wọ́n ń pè ní .22 LR, tí mo sì mú Ruger American Rimfire nínú àwọn tí owó mi ká. Mo ti gbé e wọ igbó nínú òjò àti nínú oòrùn, mo sì ti fi yin oríṣiríṣi ọta. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí.

Ọta .22 LR ti wà láti ọdún 1887, ó sì wà lára àwọn ọta tó wọ́pọ̀ jù lọ lágbàáyé. Orí ọta rẹ̀ tí a mọ̀ jù wọn nǹkan bíi gíráàmù 2.6. Èyí tó yára nínú wọn máa ń jáde lẹ́nu ìbọn ní nǹkan bíi mítà 380 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó rọra ń lọ sì máa ń wà ní nǹkan bíi mítà 320. Ọ̀rọ̀ ńlá ló wà nínú ìyàtọ̀ yẹn, torí pé ìró fúnra rẹ̀ ń rìn ní nǹkan bíi mítà 340. Ọta tó bá yára ju ìró lọ máa ń dún gbàù nínú afẹ́fẹ́ bó ṣe ń lọ, ehoro tó bá sì wà nítòsí á ti fẹsẹ̀ fẹ. Èyí tí kò tó ìró kì í dún bẹ́ẹ̀, ìgbà mìíràn sì wà tí ẹranko kejì á gbé orí sókè lásán tí kò ní sá.

Àwọn kan á ní kí ẹ ra .17 HMR, tó jáde ní ọdún 2002. Mi ò bá wọn jà, torí ọta tó dára ni. Orí ọta rẹ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù 1.1 lọ, ó sì ń sáré tó mítà 770 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà kì í tètè já wálẹ̀ tó bá ń lọ síbi tó jìn. Àmọ́ iye tí wọ́n ń tà á ju ti .22 LR lọ dáadáa, ó sì máa ń fọ́n ẹran kékeré ká tí ẹ kò bá bà á lórí. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ohun tó pa, tó sì fẹ́ máa fi ọta kọ́ ọwọ́ lọ́pọ̀ ìgbà kó tó wọ igbó, .22 LR ló máa jẹ́ kó rí i ṣe.

Ó wá ku irú ìbọn tí ẹ ó mú. Ruger 10/22, tó ti wà lọ́jà láti ọdún 1964, máa ń ki ọta fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá yin ọ̀kan, àìmọye èèyàn ló sì fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n agbára ọta ni irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ń lò láti ti ara rẹ̀ padà, nígbà tí ọta bá sì jẹ́ èyí tó rọra ń lọ, agbára yẹn lè máà tó, kí èèpo ọta há. Bolt-action, ìyẹn ìbọn tí ẹ ó máa fọwọ́ fa irin ìdè rẹ̀ (bolt) kí ọta tó wọlé, kò bìkítà. Ọwọ́ yín ló ń ṣí i, ọwọ́ yín ló ń tì í, ọta yòówù tí ẹ bá kì sí i ló máa yìn. Ó tún máa ń jẹ́ kéèyàn fara balẹ̀, torí pé ẹni tó mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ fọwọ́ fa bolt kí ọta kejì tó wọlé máa ń fojú sun ti àkọ́kọ́ dáadáa.

Nínú àwọn bolt-action, mo gbé Savage Mark II àti CZ 457 sí èjìká kí n tó pinnu. CZ 457 rẹwà, irin àti pákó rẹ̀ wuni, àmọ́ owó rẹ̀ ga. Savage kò wọ́n, ìfà rẹ̀ (ibi tí ìka ń fà kí ìbọn dún), tí wọ́n ń pè ní AccuTrigger, sì rọrùn láti tún ṣe sí bí ìka yín bá ṣe fẹ́ ẹ. Ẹni tó bá ra èyíkéyìí nínú méjèèjì kò ṣòfò. Ohun tó mú mi lọ sọ́dọ̀ Ruger ni àpótí ọta rẹ̀. Ti 10/22 gan-an ni, ó ń gba ọta mẹ́wàá, ó ń yí po nínú, kò sì yọ sísàlẹ̀ ìbọn tí yóò fi máa kọ́ ẹ̀ka igi. Ó wà káàkiri, ẹ kò ní wá a tì.

Ohun kejì ni ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń fara tì. Ìdí ìbọn yìí ṣeé yọ, kí ẹ fi èyí tó ga tàbí èyí tó lọ sílẹ̀ sí i. Ó lè dà bí nǹkan kékeré, àmọ́ èmi kà á sí pàtàkì ju ẹwà ìbọn lọ. Tí ẹ bá ń lo àmì ìfojúsùn orí ìbọn, ojú yín ní láti wà nísàlẹ̀. Tí ẹ bá gbé awò tó ń fa nǹkan sún mọ́ni lé e, ojú ní láti gòkè. Ẹni tó ń na ọrùn wá awò kò lè yìnbọn síbì kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Èyí tí mo ní gùn ní ọ̀pá, ó tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 56, gbogbo ìbọn náà sì wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù 2.7. Èyí tí wọ́n ń pè ní Compact kúrú sí sẹ̀ǹtímítà 46, ìdí rẹ̀ náà kúrú, ó bá ọ̀dọ́ tàbí ẹni tí apá rẹ̀ kò gùn mu. Ìfà rẹ̀ ṣeé tún ṣe láti nǹkan bíi kìlógíráàmù 1.4 sí 2.3. Ní ìwọ̀n tó fúyẹ́ jù ni mo fi tèmi sí. Sẹ́fútì rẹ̀, ohun tí kì í jẹ́ kí ìbọn ṣàdéédéé dún, wà lẹ́yìn, lábẹ́ àtàǹpàkò, ọlọ́wọ́ ọ̀tún àti ọlọ́wọ́ òsì lè lò ó láìyí ọwọ́ padà. Ike ni ìdí èyí tí mo rà. Ẹni tó bá fẹ́ pákó tó ń dán, kò ní rí i lára rẹ̀, ṣùgbọ́n òjò kò rí i gbé ṣe.

Ẹ má ṣe ná gbogbo owó tán sórí ìbọn. Ẹ ra awò tí wọ́n ṣe fún rimfire, ìyẹn ìbọn ọta kékeré bíi .22 LR, èyí tí wọ́n ti tò sí nǹkan bíi mítà 45. Èyí tí wọ́n ṣe fún ìbọn ńlá sábà máa ń jẹ́ títò sí ọ̀nà jíjìn, tí ẹ bá sì fi wo nǹkan tó wà nítòsí, orí tó yẹ̀ díẹ̀ á mú kí àmì sún kúrò lójú ibi tó yẹ. Awò tó ń fa nǹkan sún mọ́ni ní ìlọ́po mẹ́rin ti tó fún iṣẹ́ yìí.

Lẹ́yìn náà, ẹ ra oríṣi ọta bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún, páálí kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé ìbọn lé àpò iyanrìn, ẹ yin márùn-ún márùn-ún sí pépà ní mítà 50. Tí ẹ bá pààrọ̀ oríṣi ọta, ẹ yin bíi mẹ́wàá dànù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, torí pé epo ara ọta ti tẹ́lẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀pá ìbọn. Níbi tí ìbọn mi ti yà mí lẹ́nu nìyí. Ọta kan tó wọ́n fọ́n ihò káàkiri pépà, èyí tó rọra ń lọ tí owó rẹ̀ kò tó ìdajì rẹ̀ sì kó gbogbo ihò jọ sínú nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2. Ìbọn mìíràn tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe lè fẹ́ òdìkejì. Kò sí bí ẹ ṣe lè mọ̀ bí kò ṣe pé ẹ yìn ín.

Nínú igbó, mi ò kọjá mítà 60, orí ẹran sì ni mo máa ń fojú sùn. Tí ẹ bá ti tún awò ṣe kí ọta máa bà síbi àmì gan-an ní mítà 50, ọta náà á já wálẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ kó tó dé mítà 100, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ ní kìlómítà 16 láàárín wákàtí sì lè tì í kọjá sẹ̀ǹtímítà 10. Ìyẹn ju orí ehoro lọ. Ẹran tó fara gbọgbẹ́ tó sì sá lọ, ìyà ló ń jẹ níbi tí a kò ti ní rí i.

Ẹ má sì torí pé ihò ẹnu rẹ̀ kéré kí ẹ fojú kéré rẹ̀. Ọta .22 LR lè rìn tó kìlómítà 2.4, ó sì máa ń ta padà lára òkúta, igi líle àti ojú omi. Tí kò bá sí ilẹ̀ tàbí òkìtì lẹ́yìn ẹran, mi ò ní yìn ín. Ọ̀kẹ́rẹ́ tó jókòó sórí ẹ̀ka tí ojú ọ̀run wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jẹ́ kó lọ. Tí ẹ bá fa ìfà tí kò dún, ẹ jẹ́ kí ẹnu ìbọn kọjú síbi tí kò léwu fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kí ẹ tó ṣí i. Ìwé àṣẹ ìjọba ibi tí ẹ wà sì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín kí ìbọn tó dé ilé.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Mo máa ń nu ojú bolt àti ibi tí ọta ń wọ̀, nítorí epo àti òjé máa ń lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Inú ọ̀pá, mi ò kì í fọ̀ ọ́ lemọ́lemọ́, àyàfi tí ihò bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n ká lórí pépà. Tí ẹ bá ti rí ọta tí ìbọn yín fẹ́ràn, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára páálí rẹ̀, kí ẹ ra páálí púpọ̀ tó ní nọ́ńbà kan náà, torí pé èyí tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ mìíràn lè máà bà síbi kan náà.