Ẹ̀yin tí ẹ ń ra idà Ottoman (ìjọba ilẹ̀ Tọ́kì àtijọ́), ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní "mùsíọ́ọ̀mù ló ti jáde"

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù tí ẹ fẹ́ràn idà àtijọ́, ẹ dáwọ́ owó dúró ná. Oníṣòwò kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ta yatağan (idà olójú kan tí kò gùn púpọ̀) àti kilij (idà títẹ̀), ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń sọ fún gbogbo oníbàárà: mùsíọ́ọ̀mù kan ní Istanbul ń dín ẹrù kù, òun ló rà á lọ́wọ́ wọn. Irọ́ gbuu ni. Láti 1983 ni Òfin 2863 ti ilẹ̀ Tọ́kì ti ka kíkó irú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé bẹ́ẹ̀ jáde nílùú léèwọ̀. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá tiẹ̀ jẹ́ òótọ́, ẹrù fàyàwọ́ lẹ rà yẹn.

Ẹ̀gbọ́n wa kan ti ra yatağan kan lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Lẹ́bàá èkù, wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà kékeré sí i bí àwọn mùsíọ́ọ̀mù ṣe máa ń ṣe: 1993.14. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ti Istanbul rárá! Metropolitan Museum ní New York ló ni ín, fún yatağan kan láti ààfin Süleyman, ọba Ottoman, tí wọ́n gbà pé ilé iṣẹ́ oníṣọ̀nà Ahmed Tekelü ló ti jáde ní nǹkan bí 1525 sí 1530. Nọ́ńbà yòówù tí wọ́n bá fi hàn yín, ẹ wá a lórí ìkànnì mùsíọ́ọ̀mù kẹ́ ẹ tó dá wọn lóhùn.

Ojú irin ńkọ́? Irin wootz gidi (irin líle tí wọ́n fi ń rọ idà láyé àtijọ́), inú irin fúnra rẹ̀ ni ọnà ti ń wá, kì í dọ́gba láti ibì kan dé ibòmíràn. Ásíìdì ni wọ́n fi ya ti eléyìí: ọnà kan náà ló ń padà wá láti èkù dé ṣóńṣó, bí ara àǹkárá. Ní ti wúrà, alágbẹ̀dẹ àtijọ́ máa ń họ ojú irin wínníwínní kó tó fi òòlù kan wúrà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn. Níbi tí wúrà bá ti ṣí, ẹ óò rí ojú ibi tó họ. Mo fi áńkáṣíìfù nu ti ẹ̀gbọ́n, ọ̀dà ló bá a wá. Èkù tó pè ní eyín erin, ike ni.

Kilij ayédèrú tún lè kó yín sí wàhálà. Láti 2008, òfin ibí ti de idà títẹ̀ tí ojú rẹ̀ gùn tó 50 sẹ̀ǹtímítà, àfi èyí tí wọ́n rọ ṣáájú 1954 tàbí tí wọ́n fọwọ́ rọ nílànà àtijọ́. Èyí tí ẹ̀rọ ṣe kò sí lára àwọn tí òfin yọ sílẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé oníṣòwò yìí ń ba ojúlówó jẹ́ pẹ̀lú. Mo rí àwòrán idà gidi kan tó fi sáńpépà ha títí ó fi ń dán, tí òǹtẹ̀ alágbẹ̀dẹ fi pa rẹ́. Kò sí ẹni tó lè dá a padà mọ́. Àwọn tó ń tọ́jú idà ní mùsíọ́ọ̀mù kì í fọwọ́ lásán kàn án, nítorí iyọ̀ inú òógùn ń jẹ irin. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ àti ìda fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń dáàbò bò ó, wọ́n á sì fi àwọ̀ dúdú ọjọ́ pípẹ́ sílẹ̀ lára rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ lọ sí Wallace Collection, mùsíọ́ọ̀mù kan ní Hertford House ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀fẹ́ ni, kẹ́ ẹ wo ti gidi dáadáa. Ẹ béèrè ìwé tó fi ẹni tó ti ni idà náà rí hàn. Ẹni tó bá ti sanwó fún ọkùnrin yìí, kó pe báǹkì rẹ̀ lónìí, kó sì fi ìpolówó náà pa mọ́ fún ọlọ́pàá kí ọkùnrin náà tó yọ ọ́ kúrò.